Ìyàsọ́tọ̀ àti Ìtọ́jú Ẹja Òkun Kí Ó Tó Wọ Táǹkì

Ẹja òkun tí wọ́n ń sìn nínú gíláàsì fún ẹwà kì í dá nìkan dé. Lára rẹ̀, nínú ìfun rẹ̀, àti nínú ẹ̀yà ìmí rẹ̀ tó fara pamọ́ sábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí, oríṣiríṣi kòkòrò àfòmọ́ ló máa ń bá a wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ṣeé fojú lásán rí. Nítorí wọn ni ìyàsọ́tọ̀ ṣe wà. Olùsìn ẹja a fi ẹja tuntun sínú táǹkì kékeré tó dá dúró, tí omi rẹ̀, àwọ̀n rẹ̀ àti garawa rẹ̀ kì í kan ti táǹkì ńlá. A máa ṣọ́ ọ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ohun tó bá ń ṣe é, ibẹ̀ ni a ti máa tọ́jú rẹ̀, kí ó tó lọ bá àwọn ẹja tó ti wà nílé.

Nínú òkun gan-an, àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í sábà pa ẹja rẹpẹtẹ. Èyí tó bá já kúrò lára ẹja kan ní omi gbalasa níwájú tó fi ń wá ẹja mìíràn, ọ̀pọ̀ a sì kú kí wọ́n tó rí ibi bà sí. Nínú táǹkì onílítà 300, kò sí ibi tí ẹja lè sá sí. Ohun tó jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì lára ẹja nínú òkun a di ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìrìn àjò ẹja náà tún ń dá kún un. Láti àárín àwọn òkìtì iyùn ní Indonéṣíà, Philippines, Sri Lanka, Maldives tàbí Kẹ́ńyà, apẹja a mú un, alágbàtà a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń kó ọjà lọ sókè òkun a dì í sínú ọ̀rá, ó di pápákọ̀ òfurufú. Kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Los Angeles, ó ti gba inú omi oríṣiríṣi kọjá, ó sì ti bá ẹja láti òkun mìíràn pàdé nínú wọn. Ebi, òkùnkùn inú ọ̀rá àti ìpayà ti sọ agbára rẹ̀ di ìdajì. Àìsàn tí ara rẹ̀ ti ń kápá tẹ́lẹ̀ á wá rí àyè.

Àwọn ilé ìṣàfihàn ẹja ló kọ́kọ́ fi òkú ẹja sanwó ẹ̀kọ́ yìí. Ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja tuntun ní 1924. Ní 1931, E. M. Brown ṣàpèjúwe kòkòrò kan tó ń ba ẹ̀yà ìmí àti awọ ẹja òkun jẹ́ níbẹ̀. Amyloodinium ocellatum ni orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí. Brown kan náà ló fún òmíràn lórúkọ Cryptocaryon irritans ní 1951, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sikama ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Japan kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀. Ní 1970, Lom àti Nigrelli ṣàpèjúwe ẹ̀kẹta, wọ́n sì fi Brooklyn, àdúgbò tí ilé ìṣàfihàn ẹja ìlú New York wà, sọ ọ́ ní Brooklynella hostilis. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú ẹja òkun tó ń kú sọ́wọ́ àwọn olùsìn tuntun.

Cryptocaryon ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì yẹ kí àlàyé pẹ́ lórí rẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìrìn rẹ̀ ti mọ ìdí tí ìyàsọ́tọ̀ fi ń gba ọjọ́ púpọ̀. Àrùn tótòtó funfun ni ó ń fà: ẹyọ funfun tín-ín-tín tí kò ju hóró iyọ̀ lọ á hàn lára ẹja àti lára lẹbẹ rẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ kòkòrò kan tó ti gbẹ́ ilé sábẹ́ awọ, tó ń jẹ ẹran ara ẹja níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Tí ó bá yó, á já bọ́, ọwọ́ òru sí ìdájí ló sì máa ń sábà ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹja sùn sójú kan nítòsí ilẹ̀ táǹkì. Á rákò díẹ̀ lórí yanrìn tàbí òkúta, á wá fi èèpo tó le bí èèpo èkùrọ́ bo ara rẹ̀. Nínú èèpo yẹn ni yóò ti máa pín, ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí ọmọ inú rẹ̀ yóò fi tó 200. Àwọn kan á bẹ́ jáde ní ọjọ́ kẹta. Ọ̀pọ̀ á jáde kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Àwọn kan a sì pẹ́ gan-an, ọjọ́ 72 sì ni èyí tó pẹ́ jù tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀. Ọmọ tó jáde ní ọjọ́ kan tàbí méjì péré láti rí ẹja. Tí kò bá rí i, ó kú.

Nínú gbogbo ìrìn yìí, ibì kan ṣoṣo ni oògùn ti lè bá a: ìgbà tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú omi. Awọ ẹja ń bò ó nígbà tó ń jẹun, èèpo ń bò ó nígbà tó ń pín. Ẹni tó bá da oògùn sí omi kàn ń dúró de àwọn ọmọ tí yóò bẹ́ lọ́la, lọ́túnla àti lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Fífi oògùn kún oògùn kò mú kí èèpo tètè ṣí; ẹja nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà, iye ọjọ́ tí oògùn fi wà nínú omi láìdín ló ń wo àrùn yìí sàn, kì í ṣe bí ó ti le tó. Ìdí sì tún nìyí tí ẹja tí tótòtó rẹ̀ parẹ́ lánàá kò fi tíì sàn. Ńṣe ni wọ́n jẹun yó, tí wọ́n já bọ́. Ọ̀pọ̀ olùsìn ti fi ayọ̀ ọjọ́ yẹn da ìtọ́jú dúró, tí ẹ̀ẹ̀kejì sì dé pẹ̀lú ìlọ́po kòkòrò.

Ohun méjì ló tún máa ń fi Cryptocaryon pamọ́. Àkọ́kọ́, ẹja tí ó ti ṣe tí kò pa lè ní ààbò díẹ̀ lára fún oṣù mélòó kan, kí kòkòrò bíi mélòó kan sì máa gbé nínú ẹ̀yà ìmí rẹ̀ láìsí àmì kankan lára. Ẹ̀kejì, àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn máa ń fi bàbà díẹ̀, tó jẹ́ oògùn kòkòrò yìí, sínú omi wọn nígbà gbogbo. Kò tó láti pa kòkòrò run, ó kàn ń dín in kù títí ẹja yóò fi kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹja tó mọ́ roro nínú gíláàsì oníṣòwò, tó sì kún fún tótòtó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nílé, kò fi dandan kó o nílé.

Amyloodinium yára ju èyí lọ. Ẹ̀yà ìmí ló kọ́kọ́ ń dojú kọ, nítorí náà ẹja lè kú kí ohunkóhun tó hàn lára rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni kí ẹja máa mí gúlegúle, kí ó lọ dúró níwájú ibi tí omi ti ń tú jáde, kí ó máa sá fún iná, kí ó kọ oúnjẹ. Tí ó bá pẹ́ díẹ̀, eruku aláwọ̀ idẹ á bo awọ rẹ̀, èyí tó hàn dáadáa tí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ìyá kan lè pín sí 256. Láti ìgbà tí àmì bá ti hàn, ó lè má ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ kí ẹja tó kú, nítorí náà kò sí àyè fún wíwò-ká-rí. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kòkòrò yìí lè gun orí ẹ̀kán omi tó ń fò láti inú táǹkì kan dé òmíràn: ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé ó lè rin mítà mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé e. Táǹkì ìyàsọ́tọ̀ tó dúró ti táǹkì ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ya ohunkóhun sọ́tọ̀.

Brooklynella kò ní èèpo, kò sì ń kúrò lára ẹja kó tó pín. Orí awọ ni ó ti ń pọ̀ sí i. Ó fẹ́ràn ẹja clownfish, pàápàá èyí tí wọ́n mú láti inú òkun. Awọ ẹja á máa yọ̀, á máa bó ní abala funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹja á sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Uronema marinum jọ ọ́ ní ìyára, àmọ́ egbò pupa ló ń dá sí ẹ̀gbẹ́ ẹja, ó sì ń wọ ẹran lọ síbi tí oògùn inú omi kò dé. Ẹja chromis ni ó ń pa jù. Lẹ́yìn wọn ni àwọn aràn pẹlẹbẹ bíi Neobenedenia, tó ń lẹ̀ mọ́ awọ àti ojú, tí àwọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ara ẹja, débi pé wọ́n lè tóbi tó hóró ìrẹsì kí ẹnikẹ́ni má rí wọn. Èéwo funfun lymphocystis, tí fáírọ́ọ̀sì ń fà sétí lẹbẹ, kò gba oògùn. Tí ẹja bá ń jẹun, tí omi rẹ̀ sì mọ́, á lọ fúnra rẹ̀.

Táǹkì ìyàsọ́tọ̀ kò ní ẹwà, kò sì yẹ kó ní. Gíláàsì onílítà 40 sí 80 tó fún ẹja kékeré méjì tàbí mẹ́ta. Ẹja tang tó ń sáré kiri fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Híítà tó ń mú omi dúró ní 25 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fóòmù tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń fa omi gbà kọjá, ìdérí nítorí ẹja tó ń fò, àti páìpù ike oníkọ̀rọ̀ tí ẹja yóò máa sá sí: ó tán. Yanrìn àti òkúta kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n ń fa bàbà mu, wọ́n sì ń fún èèpo Cryptocaryon ní ibi lẹ̀ mọ́. Nílùú tí iná ìjọba kò dúró, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì ṣe pàtàkì ju híítà lọ. Wákàtí mélòó kan láìsí afẹ́fẹ́ nínú omi tí oògùn wà lè parí iṣẹ́ tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀.

Amóníà ni ọ̀tá tí táǹkì yìí fúnra rẹ̀ ń bí. Inú ẹ̀yà ìmí ni ẹja ti ń tú u jáde. Nínú táǹkì ńlá, bakitéríà tó wà lára òkúta ń sọ ọ́ di nitrite, àwọn mìíràn a sọ ìyẹn di nitrate, tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Táǹkì tuntun kò ní wọn. Olùsìn tó gbọ́n á ti ju fóòmù ìyàsọ́tọ̀ sínú omi táǹkì ńlá ní oṣù kan ṣáájú kí bakitéríà ti kún inú rẹ̀, á sì máa dán omi wò lójoojúmọ́ nígbà tí ẹja bá dé. Ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n ní oògùn ló pa ni amóníà pa.

Ọ̀rọ̀ amóníà kan náà ló yẹ kó darí bí ẹja ṣe ń jáde kúrò nínú ọ̀rá, ibi yìí sì ni àṣà àtijọ́ ti ń ṣìnà jù. Wọ́n máa ń tú ọ̀rá, kí wọ́n máa kán omi táǹkì sí i díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ara ẹja lè mọ̀ ọ́n lára. Ìyẹn dára fún ẹja tó wá láti ṣọ́ọ̀bù ìtòsí. Fún èyí tó ti lo ọjọ́ kan lójú ọ̀nà, ewu ni. Kábọ́ńdáyọ́ksáìdì tí ẹja ń mí síta ti pọ̀ nínú ọ̀rá, ó sì ti fa pH omi wálẹ̀. Ní pH tó relẹ̀ bẹ́ẹ̀, amóníà tó kún inú omi wà ní ìrísí tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Bí wọ́n bá ti tú ọ̀rá, afẹ́fẹ́ yẹn á fò lọ, pH á gòkè, amóníà á di májèlé lójú ẹsẹ̀, ẹja á sì máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kán omi sí i. Ọ̀nà tó dára ni kí wọ́n ti mọ ìwọ̀n iyọ̀ inú omi oníṣòwò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ṣe ti táǹkì ìyàsọ́tọ̀ bákan náà, kí wọ́n fi ọ̀rá dídì sórí omi fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 kí ooru wọn dọ́gba, kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì gbé ẹja sínú táǹkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi inú ọ̀rá, ìdànù ni.

Àwọn olùsìn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní kí gbogbo ẹja tó dé gba oògùn, àmì hàn tàbí kò hàn, nítorí kòkòrò inú ẹ̀yà ìmí kì í fi ara hàn. Àwọn mìíràn ní májèlé ni oògùn, pé kí a kàn máa wo ẹja, kí oògùn dúró di ìgbà tí àìsàn bá hàn. Irú ẹja ló yẹ kó pinnu rẹ̀. Ẹja tang, tí àrùn tótòtó funfun kì í fẹ́ fi sílẹ̀, kò yẹ kí ó wọ táǹkì ńlá láìgba bàbà tàbí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Ẹja mandarin, tí kì í tètè kó o, tí oògùn sì lè tètè pa, wíwò yẹ ẹ́ jù. Ohun kan ló ṣáájú méjèèjì: kí ẹja kọ́kọ́ jẹun. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ wà fún ìsinmi, iná tó rọ̀ àti edé kéékèèké bíi mysis, àyàfi tí Amyloodinium tàbí Brooklynella bá ti hàn.

Bàbà ni oògùn àgbà. Ní 1955, R. P. Dempster ti Steinhart Aquarium ní San Francisco tẹ ìwé jáde lórí bí copper sulfate ṣe ń wo àrùn tí Amyloodinium àti àwọn ìbátan rẹ̀ ń fà, kò sì tíì sí oògùn tó gba ipò rẹ̀ tán láti ìgbà náà. Ó ń pa àwọn ọmọ Cryptocaryon àti Amyloodinium tó ń lúwẹ̀ẹ́. Kò mú Brooklynella, Uronema tàbí aràn pẹlẹbẹ. Ìwọ̀n rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bàbà lásán, tí wọn kò so mọ́ èròjà mìíràn, mílígíráàmù 0.15 sí 0.20 nínú lítà kan ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá lọ sílẹ̀, kòkòrò ń yè, tó bá kọjá, ẹja ń kú. Bàbà tí wọ́n ti so mọ́ èròjà mìíràn kí ó má baà tètè lo agbára rẹ̀, 1.5 sí 2.5 ni ìwọ̀n rẹ̀ máa ń wà, bí ẹni tó ṣe é bá ti kọ ọ́ sára ìgò. Àwọn méjèèjì kò ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ohun ìdánwò tó ń ka ọ̀kan lè má ka èkejì.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbé bàbà dé ìwọ̀n, kí ara ẹja lè gbà á. Láti ọjọ́ tó bá ti pé ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ 30 tí ẹja bá wà lójú kan, tàbí ọjọ́ 14 tí wọ́n bá gbé e lọ sínú táǹkì mímọ́ mìíràn ní ìparí, nítorí èèpo tí kò tíì ṣí á ṣẹ́ kù sínú ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ kan tí bàbà bá fi lọ sílẹ̀ láàárín, kíkà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dán an wò, omi tuntun tí wọ́n bá sì pààrọ̀ gbọ́dọ̀ ti ní bàbà tirẹ̀ nínú. Èédú kò gbọdọ̀ wà nínú asẹ́, torí ó ń fa oògùn mu. Àwọn oògùn tó ń de amóníà kò sì yẹ kó pàdé bàbà, torí àwọn kan nínú wọn ń sọ ọ́ di irú èyí tó le fún ẹja. Ẹja ekurá àti àwọn ìbátan rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí bàbà rárá; ẹja puffer, lionfish àti angelfish kéékèèké ń fẹ́ ìṣọ́ra. Iyùn, edé, akàn àti ìgbín kì í yè é, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í dà á sínú táǹkì ńlá láé.

Nínú àwọn oògùn yòókù, mẹ́ta wà tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí ilé Yorùbá kankan. Chloroquine, tí Nàìjíríà fi wo ibà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba tó fi àwọn oògùn alápòpọ̀ rọ́pò rẹ̀ ní 2005, ń pa Cryptocaryon àti Amyloodinium ní mílígíráàmù 10 sí 15 nínú lítà kan. Àwọn ẹja mìíràn tí kò gba bàbà ń gbà á. Àléébù rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ àti bakitéríà ń jẹ ẹ́, kò sì sí ohun ìdánwò tí olùsìn lè fi mọ iye tó kù nílé. Ó yẹ kí ẹni tó ń lò ó gbà pé ojú kò rí ohun tó ń ṣe. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìyẹ̀fun tí kò lábùlà ni wọ́n ń lò, kì í ṣe hóró tí wọ́n fi èròjà mìíràn dì. Praziquantel, tí wọ́n ń pín fáwọn ọmọ ilé ìwé nítorí àtọ̀sí ajá, ló ń pa aràn pẹlẹbẹ, ní nǹkan bíi mílígíráàmù 2 sí 2.5 nínú lítà kan. Kò mú ẹyin wọn. Nítorí náà, wọ́n ń tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí ó lè bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹ̀kẹta ni metronidazole, Flagyl inú àpótí oògùn gbogbo ilé, tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹja tó ń jẹun ṣùgbọ́n tó ń rù, tó ń yàgbẹ́ funfun.

Fọ́màlín, tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì, ni Brooklynella ń bẹ̀rù. Ìwẹ̀ ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan ni, nínú garawa ọ̀tọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń hó púpọ̀ nínú rẹ̀, torí fọ́màlín ń jẹ ọ́síjìn inú omi. Ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ fún ènìyàn: ìbọ̀wọ́ àti fèrèsé ṣíṣí kì í ṣe àṣejù. Ìgò tí ohun funfun ti sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di májèlé mìíràn, kò ṣeé lò mọ́. Ní ti àwọn oògùn apabakitéríà fún egbò àti lẹbẹ tó ń jẹrà, wọn kò sí lórí àtẹ mọ́ bíi tẹ́lẹ̀. Ní Bìrìtéènì, dókítà ẹran ló ń kọ wọ́n. Ní Amẹ́ríkà náà, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni òfin ti mú púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń lò fún ẹran wá sábẹ́ ìwé dókítà.

Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú mọ ìwẹ̀ omi iyọ̀ dáadáa: ẹja omi dídùn tí kòkòrò bá ń dà láàmú, iyọ̀ ló ń gbà. Ti ẹja òkun, omi tí kò ní iyọ̀ ni. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja òkun eléegun kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta iyọ̀ inú òkun lọ, nítorí náà ó lè fara da omi dídùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, tí ooru àti pH rẹ̀ bá bá ti táǹkì mu. Aràn pẹlẹbẹ kò lè fara dà á. Á funfun, á já bọ́ sí ìsàlẹ̀ garawa, níbi tí ojú yóò ti rí i nígbẹ̀yìn. Ìwẹ̀ yìí jẹ́ àyẹ̀wò tó dára ju bó ti jẹ́ ìwòsàn lọ. Cryptocaryon, tó wà lábẹ́ awọ, kò mọ̀ pé omi yí padà. Òun ni wọ́n ń fi omi tí iyọ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ gígùn bá jà: nǹkan bíi gíráàmù 12 iyọ̀ nínú lítà kan dípò 35, fún ọjọ́ 30. Ẹja kò ní wàhálà púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Amyloodinium kò bìkítà fún un, wọ́n sì ti rí irú Cryptocaryon kan ní Taiwan tó ń gbé nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré sí ìyẹn.

Ọ̀nà kan wà tí kò lo oògùn rárá. Angelo Colorni, tó ṣiṣẹ́ lórí ẹja ọ̀sìn ní Eilat, ní Ísírẹ́lì, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1987. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá ti pé, wọ́n á gbé ẹja kúrò nínú táǹkì kan sínú òmíràn tó mọ́ tó sì gbẹ kí omi tuntun tó wọ inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó bá já bọ́ lára ẹja á bo ara rẹ̀ nínú táǹkì yẹn, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ kẹta tí ọmọ lè bẹ́ tó kọjá, ẹja ti lọ. Nígbà tí gbogbo èyí tó wà lábẹ́ awọ bá fi já tán, kò sí ọmọ kankan tó rí ẹja bà lé. Ó gba iṣẹ́, ó gba omi, kò sì kan àìsàn mìíràn, àmọ́ fún Cryptocaryon kò sí èyí tó dá a lójú jù ú lọ. Aáyù tí ọ̀pọ̀ ń pò mọ́ oúnjẹ ẹja kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ó lè mú ẹja fẹ́ jẹun, kò yọ kòkòrò lábẹ́ awọ. Ẹja wrasse tó ń ṣa ara ẹja mìíràn jẹ náà kò lè jẹ ohun tí awọ bò.

Tí àìsàn bá ti wọ táǹkì ńlá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, gbogbo ẹja inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde lọ sí ìyàsọ́tọ̀, títí kan èyí tí kò ní àmì. Táǹkì á ṣófo fún ọjọ́ 76, iye tí àwọn olùsìn gbé ka orí ọjọ́ 72 yẹn pẹ̀lú díẹ̀ lé lórí, kí èèpo tó pẹ́ jù ṣí, kí ọmọ inú rẹ̀ sì kú láìrí ẹja. Iyùn, edé àti ìgbín lè dúró síbẹ̀, torí kòkòrò yìí kì í jẹ wọ́n. Wọ́n ní láti máa jẹun, bakitéríà inú òkúta náà sì ní láti rí ohun jẹ, nítorí náà oúnjẹ díẹ̀ á máa wọ inú omi bí ẹni pé ẹja wà níbẹ̀.

Ibi tí àìsàn sábà ń gbà padà ni ibi tí ojú kò sí. Àwọ̀n kan náà tó wọ táǹkì méjèèjì, ọwọ́ tí kò gbẹ, omi díẹ̀ tó bá ẹja tuntun wọlé. Lẹ́yìn tí ẹja bá jáde, wọ́n á fi bílíìṣì fọ táǹkì ìyàsọ́tọ̀ àti gbogbo ohun èlò rẹ̀, wọ́n á ṣan án, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Iyùn àti ìgbín tuntun náà ń fẹ́ ìyàsọ́tọ̀ tiwọn, nítorí èèpo Cryptocaryon lè lẹ̀ mọ́ ìkarahun ìgbín tàbí òkúta tí iyùn jókòó lé. Oògùn kankan kò wà fún wọn níbẹ̀, torí ohun tí yóò pa kòkòrò ni yóò pa àwọn náà. Táǹkì tí kò sí ẹja kankan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń wà títí ọjọ́ 76 yóò fi pé.